Omi Pákí, Èèpo Pákí

Ẹ gba abúlé Ìkòròdú tàbí ti Ẹ̀pẹ́ kọjá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fún pákí, òórùn rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Omi funfun á máa ṣàn láti ìdí jáàkì lọ sínú kòtò, òkìtì èèpo á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Níbi tí omi yẹn bá ti ń ṣàn pẹ́, koríko kì í hù dáadáa. Bó bá wọ odò, ó lè pa ẹja. Oró kan ló wà nínú pákí, sáyánáìdì ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Àwọn ìyá wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń lé oró yìí jáde tipẹ́. Wọ́n á bó pákí, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin kó lè kan, kí wọ́n tó fún omi rẹ̀, kí wọ́n sì yan án. Kí ló ń mú un kan? Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí wọn. Wọ́n ń jẹ ṣúgà inú pákí, wọ́n sì ń yọ omi kíkan sínú rẹ̀. Bí pákí ṣe ń di lílọ̀ tó sì ń kan, oró rẹ̀ ń tú sílẹ̀: díẹ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ, díẹ̀ bá omi lọ. Oró tó bá omi lọ yìí ló wá wà nínú kòtò yẹn.

Fífi ohun ẹlẹ́mìí ṣe nǹkan tàbí tún ibi tó bàjẹ́ ṣe ni wọ́n ń pè ní báyótẹkinọ́lọ́jì. Ẹni tó ń ṣe irú àti ẹni tó ń ṣe ògì ti wà nínú iṣẹ́ náà láìmọ orúkọ rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ lóde òní ni pé àwọn onímọ̀ ń ṣa kòkòrò kan pàtó, wọ́n ń sìn ín, wọ́n sì ń yan iṣẹ́ fún un.

Ní 2006, Ganiyu Oboh, onímọ̀ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, tẹ ìwádìí kan jáde tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń yan gàrí gbọ́ nípa rẹ̀. Ó fi yíìsì àti oríṣi bakitéríà méjì tó ń sọ oúnjẹ di kíkan sínú pákí lílọ̀. Ó fún omi rẹ̀, ó sì fi omi náà pò mọ́ èèpo pákí kí èèpo náà lè kan. Ẹ kíyè sí i: ohun méjèèjì tí à ń dà nù ló lò. Purotéènì inú èèpo, tó jẹ́ 8.2 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́lẹ̀, gòkè dé 21.5. Sáyánáìdì inú rẹ̀, tó jẹ́ mílígíráàmù 44.6 nínú kílò kan, wálẹ̀ sí 6.2.

Ibo ni purotéènì náà ti wá? Lára àwọn kòkòrò náà fúnra wọn ni. Wọ́n jẹ èèpo, wọ́n pọ̀ sí i, purotéènì sì wà lára wọn. Ẹ wo ohun tí èyí lè ṣe fún àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Gberigbe ní Ìkòròdú, tí owó oúnjẹ ẹran ń dà láàmú!

Àwọn kòkòrò mìíràn ò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Bí a bá dé wọn mọ́ inú táǹkì pẹ̀lú ìdọ̀tí, wọn á máa yọ gáàsì tí a lè fi dáná. Omi pákí nìkan ti kan jù fún wọn, nítorí náà a máa ń pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti màlúù. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú táǹkì, ajílẹ̀ ni. Gáàsì yìí lè gbiná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ táǹkì fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀? Tẹ́lẹ̀, onímọ̀ gbọ́dọ̀ sin kòkòrò nínú àwo kó tó lè mọ̀ ọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í gbà kí á sin wọ́n. Ní báyìí, wọ́n lè bu ẹrẹ̀ ọ̀sà, kí wọ́n ka àmì ìdánimọ̀ (DNA) ọ̀pọ̀ ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kòkòrò tó wúlò ṣì ń jáde. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Japan kéde bakitéríà kan tó ń jẹ irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi. Ó gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó jẹ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tán, nítorí náà kò tíì lè gba gọ́tà wa tí ike dí là.

Ó ń dùn mí pé ìwádìí Àkúrẹ́ ò tíì di ohun tí ìyá tó ń yan gàrí lè rà lọ́jà bí ó ṣe ń ra yíìsì. Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìkòròdú níbí. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan gàrí lè kọ̀wé sí wọn, kí wọ́n béèrè ẹni tó lè bá wọn dán an wò lórí àpò èèpo kan. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò omi pákí jìnnà sí kànga, ẹ sì sá èèpo sórí sìmẹ́ńtì kó gbẹ dáadáa, ẹ má kó o jọ ní tútù fún ewúrẹ́ láti jẹ.