Orí Kẹfà: Ìrìn Ọ̀nà Jíjìn Lórí Àwọn Òkè Àkókó

Ìrìn òkè ni kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tó jìn, tó sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, fún ìlera ara, ìgbádùn ọkàn àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀ tí ó ń gbà kọjá. Láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ní ilẹ̀ Àkókó, àwọn ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe irú ìrìn yìí yóò rí òkè tó tó wọn í gùn. Ìrìn náà le, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá múra sílẹ̀ dáadáa, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń ṣọ́ ara wọn lójú ọ̀nà, lè rìn ín já láìsí ewu.

Òkè àti àwọn tó ni ín

Ìkàrẹ́ ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìlà-Oòrùn Àkókó, Ọ̀kà sì ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìkàrẹ́ yóò kọjá ní Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà, kí ó tó gun òkè Ọ̀kà, gbogbo ọ̀nà náà sì lé ní kìlómítà 10. Àwọn àpáta ńláńlá tó yí àwọn ìlú wọ̀nyí ká jẹ́ òkúta ìpìlẹ̀, ìyẹn òkúta líle tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sọ di ohun tó jẹ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún. Òjò àti ọ̀gbàrá ti fi àìmọye ọdún wọ́ ilẹ̀ tó rọ̀ lọ, èyí tó le sì ṣẹ́kù gẹ́gẹ́ bí òkè. Nígbà tí ẹrù ilẹ̀ kúrò lórí àpáta, ara rẹ̀ tú díẹ̀, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele-ìpele. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí arìnrìn-àjò máa fi ẹsẹ̀ dán pẹlẹbẹ òkúta wò kí ó tó gbé gbogbo ara lé e.

Ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Tápà ń kó àwọn ará Àkókó lẹ́rú, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú fi ṣe ibi ìsádi, nítorí pé ẹni tó wà lókè a máa rí ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn, ọ̀tá tó ń gòkè bọ̀ a sì ti rẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Nígbà tí ogun parí, ọ̀pọ̀ wọn sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ibi tí àlejò rò pé igbó lásán ni lè jẹ́ ahoro, ìyẹn ibi tí ìlú wà rí, ó lè jẹ́ ojúbọ, ó sì lè jẹ́ oko olóko. Ó tọ́ kí ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà àdúgbò, kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì bẹ ọmọ ìlú kan tó mọ ọ̀nà pé kí ó ṣíwájú wọn.

Àsìkò tó dára

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ rin òkè ní ìgbà ìwọ́wé, ìyẹn láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀, tí ewé igi sì ń pọ́n, tí ó sì ń jábọ́. Ní Àkókó, ìgbà tó sún mọ́ ọn jù lọ ni oṣù Kọkànlá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, nígbà tí òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì mú. Ní ìgbà òjò, ojú àpáta a máa yọ̀, ààrá a sì máa sán sí orí òkè gbangba. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, koríko gbígbẹ àti iná ìgbẹ́ a máa fi arìnrìn-àjò sínú ewu.

Ọyẹ́, ìyẹn afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, máa ń dé ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń mú kí òwúrọ̀ tutù, ṣùgbọ́n ó tún ń gbẹ òógùn lára kíákíá, débi pé omi púpọ̀ lè jáde lára ènìyàn láìjẹ́ pé ó mọ̀. Kí arìnrìn-àjò má ṣe dúró de òùngbẹ kí ó tó mu omi.

Ìṣirò àkókò

Ní ọdún 1892, William Naismith, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí àwọn arìnkè ṣì ń lò títí di òní: wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kí wọ́n sì fi wákàtí 1 mìíràn kún un fún gbogbo mítà 600 tí wọ́n bá gùn sókè. Bí ìrìn ọjọ́ kan bá jẹ́ kìlómítà 20, tí gbogbo gíga tí wọ́n gùn sì jẹ́ mítà 600, wákàtí 5 ni yóò gbà, láìka ìsinmi, oúnjẹ àti ẹrù mọ́ ọn. Nítorí oòrùn ilẹ̀ wa, ó bọ́gbọ́n mu kí wọ́n fi ó kéré tán wákàtí 2 kún un. Ní oṣù Kọkànlá, oòrùn a máa wọ̀ ní Àkókó ní kété lẹ́yìn aago 6 ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ a sì ṣú kíákíá. Ẹgbẹ́ tó bá gbéra ní ìdájí ni yóò ti dé ibi ìsùn kí òkùnkùn tó bò wọ́n.

Ìmúrasílẹ̀ ara àti ẹrù

Iyán tí wọ́n bá jẹ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú a máa di agbára tí iṣan ń tọ́jú pamọ́ fún ọjọ́ kejì. Lójú ọ̀nà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà àti gààrí fúyẹ́ láti gbé, wọ́n sì ń fún ara lókun. Bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ́ lára sàn ju bàtà tuntun lọ, nítorí pé bàtà tuntun a máa mú kí ẹsẹ̀ lé ròrò. Omi lítà 3 kò pọ̀ jù fún ẹnì kan láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tọ́ọ̀ṣì àti báńdéèjì náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn.

Bí omi ara ẹnì kan bá ń dín kù, ẹnu rẹ̀ yóò gbẹ, orí yóò máa fọ́ ọ, ìtọ̀ rẹ̀ yóò sì pọ́n. Kí wọ́n gbé e sí ibòji, kí wọ́n sì po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un: omi mímọ́ lítà 1, ṣíbí ìpo-tíì 6 ti ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ìpo-tíì ti iyọ̀, kí ojú ṣíbí sì tẹ́jú. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń ta kókó tàbí tí ó dákú, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, kí wọ́n má ṣe fi abẹ sín ibẹ̀, kí wọ́n má sì fi ẹnu fa oró. Kí wọ́n mú kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Ìrìn àjùmọ̀rìn

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kí ó tẹ̀ lé afọ̀nàhàn, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì máa rìn ní ìwọ̀n tirẹ̀, nígbà tí ẹni tó lágbára tó sì nírìírí yóò wà lẹ́yìn pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù. Bí èémí ẹnì kan kò bá jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀, ìrìn náà ti yá jù. Sísọ̀kalẹ̀ náà kò rọrùn, nítorí pé iṣan itan ń nà bó ti ń gbé ìwọ̀n ara ró, ìrora rẹ̀ sì sábà máa ń pọ̀ jù ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Àwọn tó bá sùn sí Ọ̀kà ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ padà sí Ìkàrẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn. Bí ẹnì kan bá sọ pé ó ti rẹ òun, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á gbọ́, kí wọ́n pín ẹrù rẹ̀ gbé, kí wọ́n sì yí padà bí ó bá gba bẹ́ẹ̀, nítorí pé òkè yóò wà níbẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ló fà á tí àwọn ará Àkókó fi gbé orí òkè ní ọ̀rúndún 19?
2. Báwo ni ọyẹ́ ṣe ń mú kí omi ara dín kù láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀?
3. Bí ìrìn kan bá jẹ́ kìlómítà 15, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 300, wákàtí mélòó ni yóò gbà gẹ́gẹ́ bí ìlànà Naismith?
4. Ta ló yẹ kí ó tẹ̀ lé afọ̀nàhàn, kí sì ni ìdí rẹ̀?