BÍ A ṢE LÈ MÚ ỌMỌ WẸ́WẸ́ LỌ SÍ OKO LÁÌGBÉ ÀRÙN BỌ̀ WÁLÉ



Àkókò ìsinmi ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá máa ń rántí oko. Ẹni tí ń gbé ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, yóò mú wọn lọ kí bàbá àgbà ní abà, tàbí kí ó mú wọn lọ sí ọgbà ẹran ọ̀sìn tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ohun tí ó dára ni. Ọmọ tí ó rò pé inú páálí ni ẹyin ti ń wá yóò rí adìẹ tí ó sàba. Ọmọ tí kò mọ iṣu bí kò ṣe lórí àwo yóò rí ewé rẹ̀ bí ó ti ń gun igi. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ọ̀rọ̀ wa òní dá ọmọ rẹ̀ dúró sílé. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ayọ̀ ọjọ́ náà má di ẹkún lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé pẹ̀lú ìdílé wọn. Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, àwọn tí ó lọ wo ẹran ọ̀sìn ní Godstone, ní agbègbè Surrey, bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀, ènìyàn 93 ni àrùn náà ti mú, ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Kíndìnrín àwọn mìíràn nínú àwọn ọmọ náà daṣẹ́ sílẹ̀, tí ó fi di pé ẹ̀rọ ni ó ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n George Griffin ni ó ṣáájú àwọn tí wọ́n yàn láti wádìí ọ̀ràn náà, ìwé wọn sì jáde ní ọdún 2010.

Kòkòrò tí ó fa àrùn yìí ni wọ́n ń pè ní E. coli O157. Inú ìfun màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ni ó máa ń gbé, kì í sì í pa ẹran náà lára. Ẹran tí ó sanra, tí irun rẹ̀ ń dán, lè máa yà á jáde mọ́ ìgbẹ́. Ìgbẹ́ náà a lẹ̀ mọ́ irun ẹran, mọ́ igi ọgbà, mọ́ ilẹ̀kùn àti mọ́ bàtà. Ìwọ̀nba tí ojú kò lè rí ti tó láti dá ọmọ dùbúlẹ̀. Ẹ má ṣe wí pé ti Òyìnbó nìyẹn: ewúrẹ́ ilẹ̀ wa pẹ̀lú ní ìfun. Adìẹ àti òròmọdìẹ náà a máa gbé kòkòrò Salmonella, tí ń fa ibà àti ìgbẹ́ gbuuru.

Kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó máa ń jìyà jù? Ìdí kìíní, ọwọ́ rẹ̀ kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ìdí kejì, agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà kò tíì gbó. Ìdí kẹta, omi ara rẹ̀ kò pọ̀. Bí ó bá yàgbẹ́ fún ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ yóò ti jìn. Nítorí náà, kì í ṣe oko ni ọ̀tá. Ọ̀nà tí ó ti ọwọ́ dé ẹnu ni kí a dí.

Èyí ni bí a ó ṣe dí i.

1. KÍ Ẹ TÓ JÁDE NÍLÉ. Ẹ wọ bàtà tí ó bo gbogbo ẹsẹ̀ fún ọmọ. Aràn kan wà tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú ara, ẹ̀gún àti èjò sì ń bẹ. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ àti ọṣẹ dání, ẹ má dúró de ti oko. Ẹ fi ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sọ́wọ́ àgbàlagbà kan pàtó. Ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń ṣọ́, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ.

2. LỌ́DỌ̀ ẸRAN. Ọmọ lè fi ọwọ́ pa ẹran lára, ṣùgbọ́n kí ó má fi ẹnu kò ó lẹ́nu, kí ó má gbé òròmọdìẹ sún mọ́ ojú. Kí ó má jẹ bísíkíìtì, kí ó má mu ìka, níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà níbẹ̀. Aboyún kò gbọdọ̀ sún mọ́ àgùntàn tàbí ewúrẹ́ tí ń bímọ, tàbí ọmọ rẹ̀ tuntun, nítorí àrùn tí ó lè ba oyún jẹ́ lè wà nínú omi àti olóbì rẹ̀.

3. ỌWỌ́ FÍFỌ̀. Àṣà wa ní oko ni pé kí a bu omi sínú abọ́ kan, kí gbogbo ilé máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni kẹta tí ó bá fọwọ́ níbẹ̀, ìdọ̀tí àwọn méjì àkọ́kọ́ ni ó fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa da omi sí ọmọ lọ́wọ́. Ẹ fi ọṣẹ sí i, kí ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 20 ra àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka àti abẹ́ èékánná, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún. Oògùn ìpara ọwọ́ inú ike kò lè rọ́pò omi àti ọṣẹ bí ọwọ́ bá ti ní ìdọ̀tí. Lẹ́yìn ọmọ, ẹ fọ ti yín.

4. OÚNJẸ. Ẹ jẹun níbi tí ó jìnnà sí ẹran, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́. Iṣu sísun gbígbóná kò léwu. Ẹ fọ èso kí ẹ tó bó o. Wàrà tí a kò sè kò yẹ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni omi odò, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ tútù, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀ kí a tó ṣe é.

5. KÀNGA, MÁJÈLÉ ÀTI AJÁ. Ẹ béèrè kànga àti adágún ẹja kí ọmọ tó rí i. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n kó oògùn tí a fi ń pa koríko àti kòkòrò sí, nítorí àwọn mìíràn a máa rọ ọ́ sínú igo ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fi agbára mú un bì. Ẹ gbé òun àti igo náà lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Bí ajá bá bù ú jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹ bá délé, ẹ bọ́ bàtà sí ìta, ẹ wẹ ọmọ, ẹ sì fọ aṣọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àrùn ti Godstone yẹn a máa yọ jù ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fún un ní omi ORS bí a ti kọ ọ́ sára páálí rẹ̀, àti síǹkì fún ọjọ́ 10 sí 14; kí ọmọ ọmú máa mu ọmú lọ. Ẹ má ra oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró fún un, ẹ má sì ra kápúsù lọ́wọ́ onísọ́ọ̀bù oògùn láìrí dókítà: ó lè mú ọ̀ràn kíndìnrín burú sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ìtọ̀ bá dínkù, bí ojú bá funfun tàbí tí ó wú, bí ara bá gbóná, bí ọmọ bá ń tòògbé ṣáá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọrí sí lọ́jọ́ náà. Ẹ sì sọ fún dókítà pé ọmọ ti oko bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan yìí lè jẹ́ kí ó tètè mọ ibi tí yóò wò.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí àgbà wà ní oko kí ọmọ fi ọwọ́ ìdọ̀tí jẹun. Ọṣẹ kan, kẹ́ẹ̀gì omi kan, àti ojú tí kò kúrò lára ọmọ: ẹrù oko nìyẹn. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.