Ta Ló Lè Kan Ilẹ̀kùn Server Yín ní Ajah?

Lekki níbí ni okùn Equiano ti Google ti jáde láti inú òkun ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Kí ó tó dé, ilé-iṣẹ́ MainOne ti fa okùn tirẹ̀ láti Pọ́túgàl wá sí Èkó ní 2010. Ní 2015, ó tún kọ́ ilé ńlá kan sí Lekki tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń kó server wọn sí. Àwa tí à ń gbé láti Ikate títí dé Sangotedo kò jìnnà rárá sí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọ orílẹ̀-èdè yìí. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí ẹ bá gbé server kalẹ̀, kò sí ará ìta tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bó ti wù kí íntánẹ́ẹ̀tì náà yára tó. Ohun tó fà á ni kí a fara balẹ̀ wò, torí òun ló yẹ kó pinnu ilé-iṣẹ́ tí ẹ máa sanwó fún.

Kọ̀ǹpútà lásán ni server. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló yàtọ̀. Fóònù yín máa ń béèrè: ó béèrè fídíò, ó béèrè ìròyìn, èsì á sì padà wá bá a. Server ni ẹni tí wọ́n ń bi léèrè. Ìyá tó fẹ́ kó fọ́tò ẹbí sí ilé ara rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wà ní London lè máa wò ó, server ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ tó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ka ìbéèrè WAEC àtijọ́ láti orí kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ẹ́sítéètì tó ní géètì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá jáde lọ ra búrẹ́dì, ẹ̀ṣọ́ rí i nígbà tó ń jáde, á jẹ́ kó wọlé padà. Àlejò tó kàn dé, tó ní ilé lágbájá lòun ń lọ, ẹ̀ṣọ́ á ní kó mú kóòdù wá. Bí onílé kò bá fi kóòdù ránṣẹ́ sí i, ibẹ̀ ni yóò ti padà. Router ilé yín ni ẹ̀ṣọ́ yìí. Ó máa ń kọ ìbéèrè tí fóònù yín gbé jáde sílẹ̀, nígbà tí èsì bá dé, á mọ ẹni tó ni ín. Ìbéèrè tó ti ìta wá, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò pè, á dà á padà, àfi bí ẹ bá ti sọ fún un ṣáájú pé ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn kan, bíi èyí tí wọ́n ń pè ní port 443, kí ó mú un lọ bá kọ̀ǹpútà báyìí. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní port forwarding. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ router, kò sì le.

Èyí tó le ni pé, lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́ tiyín, ẹ̀ṣọ́ kejì lè wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, ẹ kò sì láṣẹ lórí rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀? Àdírẹ́sì ló wọ́n. Nọ́ńbà ni àdírẹ́sì IP ti àtijọ́, gbogbo rẹ̀ kò sì ju 4,294,967,296 lọ láyé, bẹ́ẹ̀ àwa ènìyàn ti lé ní bílíọ̀nù 8. Láti oṣù Kejì 2011 ni àpò àgbáyé ti gbẹ. AFRINIC tó wà ní Mauritius ló ń pín ti Áfíríkà, ìyókù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì ń ṣọ́ ná. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2020, ohun tó pọ̀ jù tí ilé-iṣẹ́ kan lè gbà lẹ́ẹ̀kan ni 1,024. Ẹni tó ní oníbàárà ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, kí ni yóò fi 1,024 ṣe? Yóò fi ọ̀pọ̀ ilé sábẹ́ àdírẹ́sì kan. CGNAT ni orúkọ rẹ̀. Ẹ lè wo fíìmù, ẹ lè ṣe ìpàdé lórí Zoom, ẹ kò ní mọ̀ pé ó wà. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé server kalẹ̀ lẹ máa mọ̀.

Ẹ lè dán an wò lónìí. Ẹ wọ ojú ewé router yín, ẹ wá àdírẹ́sì tí wọ́n kọ WAN sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi Google pé kí ni àdírẹ́sì IP yín. Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, tiyín ni. Bí ti router bá bẹ̀rẹ̀ láti 100.64 títí dé 100.127, CGNAT nìyẹn láìṣiyèméjì: wọ́n ya àwọn nọ́ńbà yẹn sọ́tọ̀ fún un ní 2012. Bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 192.168, ẹ̀ṣọ́ mìíràn ṣì wà níwájú tiyín.

Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú SIM wọlé sábà máa ń wà lábẹ́ CGNAT. Starlink, tó dé Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ètò rẹ̀ fún ilé gbígbé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fa fáìbà wọ ilé, irú bí ipNX, FibreOne àti FibreX ti MTN. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí okùn rẹ̀ dé òpópónà yín, torí nínú ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì, ẹni tó ti fa okùn wọlé nìkan lẹ máa rí rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi wọ́n báyìí: ṣé ẹ lè fún mi ní public IP, ìyẹn àdírẹ́sì tí ará ìta lè dé tààrà, ṣé ó wà nínú owó ilé gbígbé tàbí àfi kí n san ti oníṣòwò, ṣé àdéhùn yín gba server láàyè? Ọmọ tó ń pín ìwé ìpolówó lábẹ́ agboòrùn kì í sábà mọ ìdáhùn, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ ní kó so yín pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìníà, kí ẹ sì gba ìdáhùn náà lórí ìwé tàbí ímeèlì.

Wọ́n lè fẹ́ ta static fún yín, ìyẹn àdírẹ́sì tí kì í yí padà. Bí public tó ń yí padà bá wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó tó fún fọ́tò ẹbí: ètò dynamic DNS á máa sọ ibi tí ẹ ṣí lọ fún ayé. Server ti ímeèlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kárí ayé ló ń ti port 25 tí ímeèlì ń gbà jáde nítorí àwọn oníjìbìtì.

Ìyára ńkọ́? Nọ́ńbà ńlá tó wà lórí ìwé ìpolówó, download ni, ohun tó ń wọlé. Server ń fi nǹkan jáde, upload ló kàn án. Ká ní upload yín jẹ́ mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ pín in sí mẹ́jọ, ó di mẹ́gábáìtì 1.25. Fọ́tò tó tóbi tó mẹ́gábáìtì 5 yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ó. Bí ẹni méjì bá ń wò ó pọ̀, mẹ́jọ. Ní tèmi, mẹ́gábíìtì 20 tó ní public IP sàn ju 200 tí kò ní lọ.

Bí ẹ kò bá rí public IP rárá, ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ lè yá server kékeré kan níta, kí ti ilé yín so okùn àìrí tí wọ́n ń pè ní WireGuard mọ́ ọn, kí àlejò máa gba ibẹ̀ wọlé. Ibi tí ẹ bá yá a sí ṣe pàtàkì. Ìmọ́lẹ̀ inú gíláàsì ń sáré nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn MainOne gùn tó kìlómítà 7,000, ìyẹn mílísẹ́kọ́ńdì 35 ní àlọ nìkan. Bí ọ̀rẹ́ yín tó wà ní VGC bá ń ka nǹkan lórí server yín ní Badore, tí ẹ sì yá ti ìta sí London, ìbéèrè rẹ̀ yóò lọ sí London, yóò padà sí Badore, èsì yóò tún lọ sí London kó tó dé VGC. Ó kéré tán, mílísẹ́kọ́ńdì 140. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 tí àwọn okùn abẹ́ òkun MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 já nítòsí Abidjan, irú ètò bẹ́ẹ̀ lè sọ aládùúgbò yín di ará òkèèrè. Ẹ yá a sí Èkó, lọ́dọ̀ ẹni tó wà lórí IXPN, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti ń pàṣípààrọ̀ dátà láàárín ara wọn láti 2006.

Ó ku iná. Kọ̀ǹpútà tábìlì àtijọ́ tó ń jẹ wáàtì 100 yóò jẹ wáàtì-wákàtí 2,400 ní wákàtí 24, gbogbo ohun tó wà nínú bátìrì inverter 12 fóltì, 200 áàmù-wákàtí nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi tó ń jẹ wáàtì 5 kò ní jẹ ju 120 lọ. Router àti àpótí fáìbà tó wà lára ògiri lè jẹ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, torí náà ẹ má gbàgbé láti so àwọn náà mọ́ inverter. Fáìbà tún ní àǹfààní kan níhìn-ín: ohun tó ń pín in lójú òpópónà kì í lo iná rárá, gíláàsì lásán ni. Òpó tó ń fi rédíò ránṣẹ́ nílò iná tirẹ̀.

Tí ẹ bá ti so ó tán, ẹ má fi Wi-Fi ilé dán an wò, torí router lè mú yín lọ bá server láìjẹ́ pé ẹ jáde kúrò nínú ilé. Ẹ pa Wi-Fi fóònù, ẹ tan dátà, kí ẹ tó tẹ àdírẹ́sì náà. Kí ẹ sì ṣe é nígbà tí ẹni tó wá fa okùn ṣì wà nínú ilé yín.