Orí Kẹjọ: Ìwé Kan tí Gbogbo Ilé Iṣẹ́ Jọ Ń Kọ

Ká ní ẹnì kan ń ra kòkó. Sítọ́ọ̀ rẹ̀ wà ní Oǹdó, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, àwọn èjẹ́ńtì rẹ̀ sì ń bá a rà á káàkiri abúlé títí dé Ìdànrè àti Ilé-Olújì. Ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ní ìwé tirẹ̀. Akọ̀wé owó ní tirẹ̀. Èjẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan ki èyí tó ní bọ àpò, awakọ̀ sì mú wéébíìlì dání. Ọ̀gá kò kọ nǹkan kan ní tirẹ̀, orí ló gbé e sí. Oníbàárà pè láti Èkó pé òun ń fẹ́ kòkó tọ́ọ̀nù 10 kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣé ó wà nílẹ̀? Ọ̀gá pe sítọ́ọ̀, sítọ́ọ̀ ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun kà á. Kí wọ́n tó kà á tán, oníbàárà ti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní ERP ni a fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ nínú orí yìí. Pẹ̀lú ERP, gbogbo ẹ̀ka ilé iṣẹ́, àwọn tó ń rà, àwọn tó ń tà, àwọn tó ń ṣọ́ ẹrù, àwọn tó ń sanwó oṣù, yóò jọ máa kọ sínú ìwé kan ṣoṣo tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹnì kan bá ti kọ lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn kò tún un kọ mọ́. Gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn ni yóò dé fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé owó kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá fún èjẹ́ńtì ní ₦5,000,000 kó fi ra kòkó. Ká sọ pé ₦5,000 ni kílò kan. Kílò 1,000 ni wọ́n ń retí nìyẹn, tọ́ọ̀nù kan géérégé. Bí akọ̀wé owó ṣe san owó náà, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ERP, lójú ẹsẹ̀ sì ni ₦5,000,000 wọ ọrùn èjẹ́ńtì. Nígbà tó yá, èjẹ́ńtì kó ẹrù dé Oǹdó. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo omi ara kòkó náà, nítorí èyí tó bá máa lọ sókè òkun kò gbọdọ̀ ní omi tó ju nǹkan bí 8 lọ nínú 100. Eléyìí ṣì tutù. Wọ́n tún un sá. Nígbà tó gbẹ tán tí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kílò 940 ni.

Ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ tẹ 940. Òǹkà kan péré ló tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó ṣe. Ẹrù inú sítọ́ọ̀ Oǹdó fi kílò 940 lé sí i. Gbèsè èjẹ́ńtì fi ₦4,700,000 dín, ó ku ₦300,000 lọ́rùn rẹ̀. Akọ̀wé owó tó wà ní Àkúrẹ́ ti rí i kí èjẹ́ńtì tó jáde ní ọgbà. Máníjà tó ń bá ará Èkó dúnàádúrà náà ti mọ iye tó lè ṣèlérí rẹ̀. Ta ló jẹ kílò 60 tó kù? ERP kò mọ̀. Èjẹ́ńtì lè sọ pé àgbẹ̀ ló ta tútù fún òun, ọ̀gá lè gbà, ó sì lè kọ̀. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́, kò dúró di ìparí ọdún tí irú rẹ̀ yóò ti lọ́ mọ́ra wọn.

Ibi tí èmi fẹ́ràn jù nínú ètò yìí ni ti ẹrù tó wà lójú ọ̀nà. Lọ́rì gbé àpò 80 kúrò ní Oǹdó láàárọ̀, ó ń lọ sí Àkúrẹ́. Ẹni tó wà ní Oǹdó ti yọ àpò 80 kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ kò tíì rí i, kò sì ní kọ ohun tí kò rí. Nínú ìwé méjèèjì, àpò 80 yẹn kò sí níbì kankan láyé, wákàtí yẹn gan-an sì ni ẹrù máa ń dínkù. ERP ní ibi kẹta fún un, tó ń jẹ́ Lójú Ọ̀nà. Ẹrù á kúrò ní Oǹdó, á wọ ibẹ̀ pẹ̀lú orúkọ awakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀. Bí Àkúrẹ́ bá gba àpò 78, àpò méjì á ṣẹ́ kù sí Lójú Ọ̀nà, wọn kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi wí tẹnu rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan yìí. Láti bí ọdún 1960 lọ ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò iye irin àti nọ́ọ̀tì tí iṣẹ́ wọn máa gbà. Ní 1972, àwọn márùn-ún tó kúrò ní IBM dá ilé iṣẹ́ SAP sílẹ̀ ní Jámánì. (Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ SAP ti ayé Babangida, ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n fi tú Kòkó Bọ́ọ̀dù ká ní 1986.) Láti 1990 ni orúkọ ERP ti dé. Lóde òní, àwọn èyí tí kò wọ́n tó ti SAP wà: Odoo tó bẹ̀rẹ̀ ní Belgium ní 2005, àti ERPNext tí àwọn ará Íńdíà ṣe, tí ẹni tó bá ní onímọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ lè gbé sórí ẹ̀rọ tirẹ̀ láìra á.

Nínú ERP, olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ilẹ̀kùn á sì ṣí fún. Ẹni tó gba ẹrù kò lè sanwó ẹrù. Ẹni tó ń sanwó kò lè yí ohun tí òṣùwọ̀n sọ padà. Ohun tí wọ́n bá sì ti fọwọ́ sí kò ṣeé pa rẹ́: bí ẹ bá tẹ 940 níbi tó yẹ kí ẹ tẹ 904, ẹ ó kọ òmíràn tí yóò fagi lé ti àkọ́kọ́, méjèèjì á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti aago. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ gba èyí. Ọ̀gá ló máa ń ṣòro fún jù. Òun ló ń ṣí dúrọ́ọ̀, tó ń mú owó fún ìnáwó ẹbí láìsọ fún ẹnikẹ́ni, òun náà ló ń sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó lọ gbé àpò mẹ́ta ní sítọ́ọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tó mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀gá tí kò bá lè kọ owó tí òun fúnra rẹ̀ mú sílẹ̀, kó fi owó ERP ra lọ́rì.

ERP ti da àwọn tó lówó jù wá lọ láàmú rí. Hershey, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fi kòkó ṣe ṣokoléètì, ná nǹkan bí $112 mílíọ̀nù sórí irú ètò yìí. Wọ́n kánjú ṣe é, wọ́n sì ṣí i ní July 1999, àsìkò tí àwọn onísọ́ọ̀bù ń béèrè ẹrù fún ọdún Halloween àti Kérésì. Ṣokoléètì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tuntun kò jẹ́ kó jáde lọ bó ṣe yẹ. Ọjà tó tó $100 mílíọ̀nù ni wọn kò rí fi ránṣẹ́ lásìkò. Ẹni tó ń ra kòkó ní Oǹdó kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ERP ní October tí kòkó ń ya wọlé. March tàbí April ni kó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀, kó sì jẹ́ kí ìwé àtijọ́ àti ti tuntun jọ máa rìn fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ mọ nǹkan tó jọ ọ́. IPPIS, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní April 2007, kó owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ láti oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ìjọba sójú kan kí orúkọ ayédèrú lè jáde. Nígbà tí ó kan àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2020, wàhálà bẹ́. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ náà, ní IPPIS kò mọ̀ nípa ìsinmi ìwádìí àti àwọn olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ju ilé ẹ̀kọ́ kan lọ, wọ́n sì gbé ètò tiwọn, UTAS, kalẹ̀. Ní December 2023 ni ìjọba fọwọ́ sí i pé kí àwọn yunifásítì jáde nínú IPPIS. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ERP, ẹ kọ́kọ́ jókòó kọ bí iṣẹ́ yín ṣe ń lọ gan-an, títí kan àwọn ohun kéékèèké tí ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan.

Fún oníkòkó, ìdí mìíràn ti yọjú. Òfin tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023 ní àwọn kò ní ra kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 December 2020. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ àwọn tó ń rà láti òkè òkun ti ń béèrè oko tí ẹrù ti wá. Ìwé ẹsẹsáìsì lè gba orúkọ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè so oko kan mọ́ àpò tó ti dà pọ̀ mọ́ 500 mìíràn nínú sítọ́ọ̀. Owó kòkó náà kò sì dúró sójú kan: ní 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé, ó tilẹ̀ kọjá $12,000 ní December ọdún náà. Ẹni tí kò mọ iye tó fi ra ohun tó wà nílẹ̀ lè tà á ní àdánù kó sì máa dúpẹ́.

Ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ kò nílò ERP. Ìwé kan àti bírò tó o. Ṣùgbọ́n bí sítọ́ọ̀ bá ti di méjì, tí ẹni tó ń gba owó yàtọ̀ sí ẹni tó ń gba ẹrù, ó yẹ kéèyàn béèrè nípa ERP. Kó béèrè bóyá ètò náà lè ṣiṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, bí iná tí yóò máa jẹ ṣe máa pọ̀ tó, àti bóyá náírà tàbí dọ́là ni wọn yóò máa gbà lóṣooṣù.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Èjẹ́ńtì gba ₦3,500,000 láti fi ra kòkó ní ₦5,000 fún kílò kan. Kílò 655 ló kó dé Oǹdó. Èló ló kù lọ́rùn rẹ̀? Lọ́rì gbé àpò 60 lọ sí Àkúrẹ́, àpò 59 ni wọ́n gbà níbẹ̀. Mélòó ló wà ní Lójú Ọ̀nà? Kí ẹnì kan nínú yín ṣe ẹni tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀, kí ẹnì kejì ṣe akọ̀wé owó, kí ẹnì kẹta ṣe awakọ̀. Kí olúkúlùkù kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ẹ sì wá fi wé ara wọn.