Àpótí Ìmọ̀: Ọjọ́ 7, Ọjọ́ 30
Òṣùwọ̀n ìfiwéra kan wà tí a fi ń mọ̀ bóyá ètò adójútòfò ìlera kan ń tọ́jú àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ bó ti yẹ. Ní Amẹ́ríkà, àkójọ òṣùwọ̀n HEDIS ti àjọ NCQA ń béèrè pé: nínú àwọn ìdásílẹ̀ láti ilé ìwòsàn nítorí àìsàn ọpọlọ, ìdá mélòó ni aláìsàn ti padà rí olùtọ́jú láàárín ọjọ́ 7, àti láàárín ọjọ́ 30?

Ká ní ìdásílẹ̀ jẹ́ 200, tí ìtọ́jú sì tẹ̀lé 90 nínú wọn kí ọjọ́ 7 tó pé:
90 ÷ 200 × 100 = 45%.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdásílẹ̀ ló ká mi lára jù, torí ewu ìpara-ẹni máa ń ga nígbà náà. Ṣọ́ra o: ìdásílẹ̀ là ń kà, kì í ṣe orí ènìyàn.