Bẹ́líìtì Tí O Dè Mọ́ Èjìká

Ọmọ mi,

Mo rí bẹ́líìtì tó wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ nígbà tí o wá kí mi. Mi ò bá ọ wí. Mo mọ bó ṣe ń dunni tó kí ẹgbẹ́ ẹni máa pe ẹni ní abuké.

Ọmọdé tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dàgbà, dókítà lè fún un ní bẹ́líìtì líle tí yóò máa tọ́ eegun náà sọ́nà. Ìwọ ti pé ọdún 30. Eegun 12 tí egungun ìhà so mọ́ lẹ́yìn rẹ ti gbó, kò sí aṣọ tó lè tún wọn mọ. Bẹ́líìtì yẹn kàn ń rán ọ létí kí o nàró ni. Bí o bá bọ́ ọ, èjìká á tún wó síwájú. Bí o bá sì ń dè é mọ́ra látàárọ̀ dalẹ́, iṣan ẹ̀yìn lè wá di ọ̀lẹ.

Iṣan yẹn gan-an ni kí o tọ́jú. Dojú bolẹ̀ lórí ẹní, gbé àyà sókè díẹ̀, ka ení dé àrún, kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún oṣù bíi mélòó kan. Jọ̀wọ́, gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ sórí tábìlì tó ga sí i, kí o yéé tẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Àmọ́ bí o bá nàró tí ẹ̀yìn kọ̀ tí kò tọ́ rárá, tó ń ro ọ́ lóru, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ, kí wọ́n ya àwòrán eegun náà. Owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Wá gbà á.