Ẹ Wo Ìyẹ́ Tata

— Bàbá àgbà, ẹ wá o! Eéṣú ti wọ oko gbáàgúdá wa!

— Eéṣú kẹ̀? Mú ọ̀kan wá, ká ṣí ìyẹ́ rẹ̀ wò.

Bí ọmọ kan àti bàbá rẹ̀ àgbà ṣe sọ̀rọ̀ nìyẹn, lóko kan ní Lougba, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ náà kò purọ́. Ohun tó rí pupa rúsúrúsú, eéṣú aginjù tó ti gbó náà sì máa ń pupa rúsúrúsú. Àwọ̀ lè tan èèyàn jẹ.

Ìyẹ́ eéṣú gùn, ó kọjá ìdí rẹ̀. Ti òkè ní àmì dúdú wẹ́wẹ́, ti abẹ́ mọ́ gaara. Ìyẹ́ yìí ló ń gbé e láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ní ọdún 2004, eéṣú ba oko jẹ́ gan-an ní Moritáníà, Sẹ̀nẹ̀gà, Málì àti Níjẹ̀.

Tata oko gbáàgúdá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹ́ ọ̀pọ̀ wọn kúrú, kò bo ìdí. Kò lè fò lọ. Ó ń rìn, ó ń tọ. Ẹ ó rí díẹ̀ tí ìyẹ́ tiwọn gùn. Ẹ má pè wọ́n ní ẹ̀yà mìíràn, tata kan náà ni. Ọmọ tata ńkọ́? Dúdú ni, ó ní àmì pupa rúsúrúsú lára, ìyẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.

Ẹnì kan lè ní: "Kí ló kàn mí nínú ìyẹ́?" Ẹ gbọ́. Tata yìí ń jẹ ewé. Bí ewé bá tán, á bó èèpo igi gbáàgúdá, a ò sì ní rí igi gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ kúrú kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìtòsí oko yín ni ìyá rẹ̀ yé ẹyin sí.

Nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, àwọn abo máa ń kóra jọ sábẹ́ igbó tó ní ibòji, wọ́n á ki ìdí bọ ilẹ̀, wọ́n á yé ẹyin. Ọ̀pọ̀ wọn á yé e sójú kan. Ẹ fi igi sàmì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọkọ́ wà á. Kò jìn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ẹ ó rí ẹyin tó dì pọ̀ bí hóró ìrẹsì. Ẹ tú wọn síta kí oòrùn pa wọ́n. Kí ẹni tí oko rẹ̀ bá tiyín pààlà wa tirẹ̀ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àṣedànù ni.

Ní 1989 ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Benin lórí òògùn kan tí wọ́n fi èéhù ṣe, tó ń pa tata àti eéṣú. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọkọ́ ti wà nílé gbogbo wa.

Lọ́la, kí olúkúlùkù mú tata mẹ́ta wá sí kíláàsì. A ó tò wọ́n sórí tábìlì: èwo ló ti dàgbà, èwo ni ọmọ?